Ọkọ̀ Tó Ń Kó Aláàárẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìyá Ẹ-wọlé fi wa bọ́ọ̀sì tó máa ń tẹ̀lé eré ìje ọdọọdún àwọn obìnrin lẹ́yìn, kìlómítà méjìlélógójì láàárín ìlú. Òfin bọ́ọ̀sì náà kò ṣòro: ẹni tó bá rẹ̀, kó wọlé, ẹni tí bọ́ọ̀sì bá kọjá lára rẹ̀, eré rẹ̀ parí nìyẹn. Bí obìnrin kan bá ti ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, tó ń mí hẹlẹ, ìyá yìí á yọ orí síta: "Ẹ wọlé, màmá mi! Ẹ jókòó! Ṣé wọ́n ní irin ni ẹsẹ̀ yín ni?" Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tí eré náà ti rẹ̀ fún un lésì láti ìjókòó ẹ̀yìn: "Ẹni tó jókòó sórí tìmùtìmù kò mọ̀ pé títì gbóná. Ẹ̀yin náà ẹ sáré ká wò!"

Ẹnu ìyá yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. "Èmi? Lọ́dún tó ń bọ̀, màá sá a! Bí bọ́ọ̀sì yìí bá bá mi, lójú gbogbo èrò ni màá ti kúnlẹ̀ bẹ gbogbo ẹ̀yin tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ọdún yípo, Ìyá Ẹ-wọlé wọ bàtà eré. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ ju jíà lọ, ló bá a wa ọkọ̀. Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìyá ń juwọ́ sí èrò bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà tó pé ogún, kò rí ọwọ́ jù mọ́. Nígbà tí okùn ìparí fara hàn lórí òkè tó kẹ́yìn, òun nìkan ló kù lẹ́yìn, bọ́ọ̀sì sì ń mí sí i lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé o!" àbúrò rẹ̀ ń pariwo lójú fèrèsé. "Ṣé wọ́n ní irin ni ẹsẹ̀ yín ni?"

"Ọmọ ìyá mi ni ọ́, o ò ṣàánú mi?"

"Àánú kẹ̀? Obìnrin mọ́kànlá ló wà níbí, wọ́n ti ń tẹ́ ẹní ìkúnlẹ̀ dè yín!"

Bí bọ́ọ̀sì ṣe dorí kọ òkè, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú fin-ín fin-ín.

Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹ-wọlé fẹ́ jó. Ọkọ̀ tó kú kò lè lé èèyàn bá! Ó sáré ìṣísẹ̀ ogún. Ló bá gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń yí kọ́kọ́rọ́: kẹ-kẹ-kẹ-kẹ. Ó dúró. Bátìrì yẹn á kú! Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí sì tún wà nínú ọkọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ níbi ìparí eré ni dókítà wà.

"Ẹ máa sá lọ o!" nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló pariwo. "Orí yín ló pa ọkọ̀ yìí fún yín!"

"Orí mi kì í pa ọkọ̀ mi!" Ìyá yí padà, ó tiro wá síwájú bọ́ọ̀sì. Kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Ìwọ onígbàjámọ̀, orí kọ́ lò ń fá yẹn! Fi í sí jíà ẹ̀yìn, tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tú bíréèkì sílẹ̀. Jẹ́ kó yí lọ sísàlẹ̀, kó o wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì!"

"Ẹ̀yìn kẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni mo wí! Títì ṣófo. Bí mo ṣe ń jí i láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn!"

Bọ́ọ̀sì yí sẹ́yìn. Obìnrin mọ́kànlá ké "Yéèè!" lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ ta gìrì, ó jí. Àmọ́ onígbàjámọ̀ kò rí jíà iwájú mọ́. Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀ òkè bí ẹni tó ń sá fún àna rẹ̀.

Ìyá Ẹ-wọlé kò dúró wo ìyókù. Nígbà tí jíà iwájú máa fi wọlé, ó ti ré okùn ìparí kọjá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kọjú sí bọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

"Ẹ wò ó! Ọkọ̀ ò bá mi! N ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni!"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì ti fà. Gbì! Orúnkún kanlẹ̀, lójú gbogbo èrò.

Nọ́ọ̀sì yọ orí síta. "Ẹ dìde, màmá wa. A ti dárí jì yín."

"Iṣan ni! Mo ní iṣan ló fà!"

"A ti gbọ́. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."