Ẹ̀gbọ́n Mi Ni

Èèyàn mẹ́ta ni káńsù yàn láti mú káfíńtà tí yóò kan igba bẹ́ńṣì fún àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìrètí, akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́, wà lára wọn. Wọ́n to bẹ́ńṣì àpẹẹrẹ mẹ́ta sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ní Yábàá. Wọn kò kọ orúkọ sí ọ̀kankan, nọ́ńbà nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí Ìrètí ti fọwọ́ kan ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ti mọ ọwọ́ tó ṣe é. Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í kan ìṣó níbi tí igi bá ti lè wọnú igi.

Ìyá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ayùn àti òòlù Àkàngbé ló rán Ìrètí níléèwé. Àmọ́ láti ìgbà tí àga ilẹ̀ òkèèrè ti gba ọjà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin ti dákẹ́ bí ilé tí ayálégbé kó kúrò nínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé àbúrò òun wà nínú ìgbìmọ̀. Ìrètí náà kò sì mọ̀ pé ó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà. Orúkọ ọkọ ni Ìrètí ń jẹ́ níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè fura.

Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, alága wọn, jókòó lórí bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan, ó mì í síwá sẹ́yìn. Méjì nínú wọn dún. Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò fọhùn. Glory, ẹni kẹta wọn, ní kí ni àwọn tún ń rò. Ìgbà náà ni alága ṣí ìwé, ó ka orúkọ Àkàngbé, ó sì béèrè ohun tí òfin ní kó béèrè: bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá bá ọkùnrin yìí tan, kó sọ, kó sì bọ́ síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Ìrètí wí.

Glory bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Ìrètí, ta ni kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín ní gbogbo Mainland? Ẹni tó ń ta gúgúrú ní géètì, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbá yín lánàá, ẹ̀gbọ́n." Ó yíjú sí alága, tí kì í ṣe Yorùbá, ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀wọ̀ lásán ni.

Alága rẹ́rìn-ín. Ìrètí náà rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, pé ọmọ ìyá òun ni. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó sọ fún ọkàn rẹ̀ pé òun ti sọ òtítọ́, àwọn ni kò gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kì í pariwo kó tó wọlé. Ẹ̀rín ló máa ń bá wọlé. Ó fọwọ́ síwèé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Àkàngbé jó dé iwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti dúpẹ́ iṣẹ́ tó rí gbà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Kódà mi ò jẹ́ kí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló lọ jẹ́rìí fún mi." Ìjọ hó yèè. Ìrètí wà láàárín àwọn akọrin, ó fi ìwé orin bojú.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà ni Dennis, ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà tí kò rí iṣẹ́ náà gbà, kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àkàngbé. Ó rí pósítà ìsìnkú ìyá wọn tó ṣì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn láti ọdún tó kọjá. Orúkọ àwọn ọmọ olóògbé wà nísàlẹ̀: Àkàngbé, lẹ́yìn náà Ìrètí, tòun ti orúkọ ọkọ rẹ̀, orúkọ kan náà tó wà nísàlẹ̀ ìwé tí káńsù fi dá Dennis lóhùn. Dennis ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ìwé ẹ̀sùn tì í, ó di káńsù.

Wọ́n ní kí Ìrètí lọ jókòó sílé. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Àkàngbé, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí káńsù kò gbọdọ̀ gbéṣẹ́ fún mọ́. Àwọn tó bá a yọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé àwọn kúkú ti mọ̀ pé kò lè ṣe kí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ má sí nínú rẹ̀.

Ìrètí lọ bá a ní Mushin. Ó kúnlẹ̀ sórí èérún pákó, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rín tó rín. Ì bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú. Kò bínú. Ó kàn ń fọwọ́ pa pákó kan títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu Ìrètí.

"Ká ní o ò sí níbẹ̀," Àkàngbé béèrè, "ṣé tèmi ni wọ́n máa mú?"

"Tiyín ló dáa jù, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo gbọ́." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn. "Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni ẹ́. Kí lo tún máa sọ yàtọ̀ síyẹn?"

Ìrètí ro ti alága, ó ro ti Glory, ó ro ti gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tó tún lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyé yìí, kí Àkàngbé fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Àkàngbé gbé ayùn rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ó ní kó dìde nílẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù.