Òdòdó Funfun fún Ìyá Lùkúmọ̀n

Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá ṣẹlẹ̀ ní Òkókomaikò, títí dé apá Ìbà, Àlàájà Tàwàkálítù ni wọ́n máa ń wá pè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún abiyamọ pé ọmọ rẹ̀ ti kú? Àwọn ọkùnrin á ti fà sẹ́yìn, wọn á máa wo ilẹ̀. Lẹ́mọ́mù á ní kí wọ́n wá àgbà obìnrin kan ná, gbogbo ojú á sì yí sọ́dọ̀ Àlàájà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní ètò tó ń tẹ̀ lé, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Ètò náà nìyí. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹ ó jẹ́ kí ìyá náà kọ́kọ́ jẹun, torí tó bá ti gbọ́, ó di ọjọ́ mìíràn kó tó tún fi oúnjẹ kan ẹnu. Ẹ ó bi àwọn ará ilé bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ ó fọgbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí òpònú kan má baà ti ibìkan pè é pé ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ó kó èèyàn jọ díẹ̀díẹ̀, kó dà bíi pé wọ́n kàn ń yà kí i ni. Ìgbà tí ilé bá pé tán lẹ ó wá ní kó jókòó.

Bó ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Làtífù nìyẹn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọkọ̀ gbá Làtífù lójú títì Badagry. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ta ẹja yíyan. Wọ́n jọ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, Àlàájà gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Làtífù bá ti fojú kàn án lókèèrè, ńṣe ló máa ń wọlé, tí á ti géètì. Ó dun Àlàájà dọ́kàn. Ó ní aláìmoore ni obìnrin náà. Ó ní àbí òun lòun wa ọkọ̀ tó gbá ọmọ rẹ̀?

Lùkúmọ̀n, ọmọ tirẹ̀, awakọ̀ ni. Tírélà gbọọrọ ló ń wà ní Kánádà, láàárín yìnyín, ní ojú ọ̀nà tí èèyàn lè rìn títí kó má rí ilé kankan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Kì í ní ọ̀rọ̀ gidi kan láti sọ. Á ní, "Màmá, kí lẹ sè?" Àlàájà á dárúkọ ọbẹ̀, òun náà á ní itọ́ ti ń dà lẹ́nu òun, wọn á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n Àlàájà kì í sùn dáadáa lóru Ọjọ́bọ̀, títí ìpè yẹn yóò fi wọlé lọ́jọ́ kejì.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, kò pè. Sherifat, àbúrò Lùkúmọ̀n tó ń bá ìyá wọn gbé, ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Ó ní bọ̀ọ̀dá kọ̀wé sí òun lórí Wasáàpù pé ojú ọ̀nà lòun wà. Kò tẹ́ Àlàájà lọ́rùn. Ìwé kíkọ ni, ta ló mọ ọwọ́ tó kọ ọ́?

Jímọ̀ mìíràn tún dé. Wọ́n kírun tán, fóònù ò dún. Àlàájà wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ìkòkò, nígbà tó gbọ́ ohùn Sherifat lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi. Ẹni tí kò ní nǹkan pamọ́ kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu.

"Ẹ má tíì wọlé o," ni Sherifat ń wí. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa pé ná. Rárá, wọn ò fura rárá. Ẹ̀n? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ wọ́n ti lo oògùn wọn láàárọ̀. Ẹ má ṣèyọnu."

Àlàájà rọra gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Ó fara ti ògiri. Wọn ò fura. Wọ́n ti lo oògùn. Ta ni yóò máa túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un? Òun ló máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè náà.

Sherifat wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Àlàájà mọ ẹ̀rín yẹn. Òun fúnra rẹ̀ máa ń rín in ní ẹnu ọ̀nà onílé ọ̀fọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ fún yín."

"Ebi ò pa mí."

"Ẹ kàn jẹ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò jẹ nǹkan gidi láti àárọ̀."

"Mo ní ebi ò pa mí, Sherifat."

Ọmọ náà na ọwọ́. "Ó dáa, ẹ gbé fóònù yín wá kí n bá yín ṣájì ẹ̀."

Oúnjẹ, lẹ́yìn náà fóònù. Àlàájà ki fóònù rẹ̀ bọ inú ìró, ó so ìró náà le, ó sì wọ yàrá lọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó pe Lùkúmọ̀n. Obìnrin inú fóònù fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé fóònù tó ń pè wà ní pípa. Ó tún pè. Obìnrin yẹn náà ni. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ẹ̀rù ba obìnrin tí kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí.

Nígbà tó jáde sí pálọ̀, Bàbá Abọ́lá ló bá níbẹ̀. Ayálégbé ni Bàbá Abọ́lá, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́. Tí kò bá jẹ́ pé ẹ̀rọ omi bàjẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan pálọ̀ yẹn. Lónìí ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ tó ń dán, ó jókòó sí etí àga, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Ojú ọjọ́ yìí mà dáa."

"Ó dáa," ni Àlàájà wí. Ooru ń mú bíi kí ilé jóná.

Títí, aránṣọ òdìkejì, náà wọlé. Ó ní òun kàn ń yà kí wọn ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó Bàbá Abọ́lá, tó gbé àga méjì wá láti yàrá wọn, bíi pé àga ò sí ní pálọ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ wá wo nǹkan o: nínú gbogbo ìbẹ̀rù yẹn, ńṣe ni inú ń bí Àlàájà pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ń yára jù. Ká ní òun ló ń darí ètò náà, òun ò ní jẹ́ kí Bàbá Abọ́lá dé tòsí rárá, torí ojú rẹ̀ ò lè fi nǹkan pamọ́.

Ó lè bi wọ́n. Ó kàn máa la ẹnu ni, kó ní kí ló ṣe ọmọ òun. Kò bi wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì sọ ọ́, Lùkúmọ̀n ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó wà. Nítorí náà, kò jókòó. Ó mú àkísà, ó ń nu tẹlifíṣọ̀n. Ó nu fèrèsé. Ó tún padà wá nu tẹlifíṣọ̀n.

"Màmá, ẹ wá jókòó," ni Sherifat wí.

"Mo ń bọ̀."

Ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu géètì, èyí tó máa ń ní àpótí ńlá lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kiri. Ohùn ọkùnrin kan ròkè láti ìta. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Ìyá Lùkúmọ̀n nìyí? Ṣé wọ́n ti jókòó?"

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Ó jókòó.

Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú òdòdó tó pọ̀ débi pé ó bo àyà rẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán wé e. Láyé Àlàájà, ibi kan ṣoṣo ló ti rí irú òdòdó yẹn: ní bárékè, nígbà tí wọ́n gbé òkú sójà kan dé láti ojú ogun, tí wọ́n tò ó sórí pósí. Mùsùlùmí kì í fi òdòdó sin òkú. Àmọ́ ta ni mùsùlùmí tó máa bá wọn dá sí i nílẹ̀ òyìnbó? Bàbá Abọ́lá dìde, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Wọ́n tún ń ya fídíò òun.

Wọ́n gbé òdòdó náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó tutù. Kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn, Àlàájà ti sọ̀rọ̀.

"Inna lillahi wa inna ilaihi rajiun," ló wí. Ó gbé ojú sókè. "Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Gbogbo wọn ti la ẹnu láti kọrin. Ẹnu náà wà ní yíyà bẹ́ẹ̀.

"Sin ta ni, Màmá?" ni Sherifat bi í.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi mọ́. Iṣẹ́ mi lẹ ń ṣe yìí, mo mọ̀ ọ́n."

Sherifat wó lulẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú. "Màmá, ọjọ́ìbí yín ni. Bọ̀ọ̀dá ló ní kí wọ́n gbé fláwà wá fún yín láti Ìyànà Ìbà. Sọ́práìsì ni a fẹ́ ṣe."

"Ọjọ́ìbí wo?"

Ó yẹ kó bi í bẹ́ẹ̀, nítorí Àlàájà ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ni pé òjò ń rọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ gba káàdì ìdánimọ̀, Sherifat ló mú ọjọ́ kan nínú oṣù òjò, ó sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n lè kúrò lórí ìlà. Àlàájà ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Lùkúmọ̀n ò gbàgbé.

"Èmi ni mo ní kó má pè yín," ni Sherifat wí, ó ń sunkún. "Ẹ mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ ò lè di nǹkan. Mo ní kó pa fóònù títí a ó fi ṣe é tán."

"Pè é."

"Màmá, mo ṣèlérí fún un pé ..."

"Mo ní pè é, Sherifat."

Lùkúmọ̀n ti tan fóònù rẹ̀ wàyí, ó ń retí wọn. Kò pẹ́ tó fi gbé e. "Màmá, ṣé fláwà ti dé? Ṣé ó dáa?"

Àlàájà di fóònù náà mọ́ etí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọ̀rá òdòdó. Ó ní, "Tún sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Màmá, kí ló dé?"

"Ohunkóhun. Ṣáà máa sọ̀rọ̀."

Lùkúmọ̀n rò ó títí. "Kí lẹ sè lónìí?"

"Mi ò tíì jẹun," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún gidi.

Nígbà tó yá, ilé kún fún ẹ̀rín. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Títí ń sín Bàbá Abọ́lá jẹ bó ṣe ń làágùn. Ọkùnrin tó gbé òdòdó wá pẹ̀lú jẹun, ó ní àwọn máa ń bi àwọn oníbàárà nípa ẹ̀jẹ̀ ríru torí pé bàbá kan ti dákú mọ́ àwọn lọ́wọ́ rí. Àlàájà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé òdòdó náà kúrò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí òun àti Ìyá Làtífù jọ jẹ ló ń rò. Ìyá Làtífù jẹ tirẹ̀ tán. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà pé ó yà kí òun. Kò sẹ́ni tó kọrin fún un lẹ́yìn ìyẹn.

Ó yí sí ọkùnrin náà. "Ṣé ẹ lè bá mi gbé díẹ̀ nínú èyí lọ fún ẹnì kan ní Ìbà?"

"Iṣẹ́ wa ni, Màmá. Ẹ ṣáà sọ orúkọ àti ojúlé."

Àlàájà fẹ́ dárúkọ. Ló bá rí i lọ́kàn ara rẹ̀: àjèjì ọkùnrin lẹ́nu géètì, òdòdó funfun láyà, tó ń bèèrè bóyá ilé Ìyá Làtífù nìyí. Ó pa ẹnu dé. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Màá gbé e lọ fúnra mi."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ já a sílẹ̀ ní Ìbà. Ìyá Làtífù wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Dámilárá, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ò tíì dé láti ilé ìwé. Ìyá Làtífù gbé ojú sókè, ó rí Àlàájà, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀, kò bojú wò ó. Ó fi ọwọ́ kan di géètì mú, kò sì tì í.

Àlàájà dúró ní òdìkejì gọ́tà. Kò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú mọ́. Kò kí i, kò bèèrè bóyá ó ti jẹun.

"Kò sí nǹkan kan o, Ìyá Làtífù," ló ké sí i láti ibẹ̀. "Mi ò gbé ọ̀rọ̀ kankan wá. Òdòdó ọjọ́ìbí ni wọ́n fún mi, mo ní kí n pín in fún yín."

"Dámilárá ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa Dámilárá. Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Ìyá Làtífù wò ó títí. "Ẹ tún un sọ," ló wí.

Àlàájà tún un sọ. Ó dúró sí òdìkejì gọ́tà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, ó ń tún un sọ, títí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kúrò lára géètì.