Àwọn Tí Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń dúró ti aboyún. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kì í ṣe agbẹ̀bí. Àwọn yẹn ló ń gbẹ̀bí. Èmi ni mò ń di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, tí mò ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, tí mò ń rán an létí bó ṣe máa mí. Lẹ́yìn ìbímọ, màá tún lọ sílé rẹ̀ lọ wò ó bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sùn, bóyá omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí. Ìyá Ilẹ̀kùn ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí.

Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ rí aboyún, màá lé gbogbo èèyàn jáde, ọkọ o, ìyá o, ìyá ọkọ o, màá wá fún un ní bébà kan. "Kọ orúkọ ẹni tí o fẹ́ nínú yàrá ìbímọ síwájú. Yí i padà, kọ ẹni tí o ò fẹ́ sẹ́yìn. Má ṣàlàyé." Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn bébà yẹn, ì báà jẹ́ ọba, kò ní wọlé. Mo ti dá ìyá ọkọ tó gbé fúláàsì omi gbígbóná dání padà. Mo ti sọ fún ìyá kan tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọjọ́ ẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ yín." Tí mo bá délé, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lóyún, mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún un. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kó lọ bá Jẹ́jẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́, obìnrin tí kì í kánjú ṣe ohunkóhun láyé, tí kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn. Ohun tí mo rò ni pé Jẹ́jẹ́ á máa ṣiṣẹ́, èmi á jókòó ti ọmọ mi, màá máa fojú ṣe ọ̀gá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ ni Jẹ́jẹ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Kò jókòó.

"Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bébà ló gbé mi wá."

"Orúkọ ìyá ọkọ ẹ̀ ló kọ síbẹ̀, àbí? Mo mọ̀! Ẹnu obìnrin yẹn ti pọ̀ jù."

"Orúkọ yín ló kọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ọjọ́ ẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ yín."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí inú bá ń bí i? Mo ní ṣé èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ aboyún mú ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó jáde níwájú mi. Ó jáde, kò tiẹ̀ gbá ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gba ilé ọmọ mi lọ. Mo bá a nílẹ̀ yàrá, ó ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì tó máa gbé lọ sí ọsibítù.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ó ká ìbọ̀sẹ̀ kan tán kó tó dáhùn. "Mọ́mì, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ṣé ẹ rántí oyún èṣí?"

Ta ló máa gbàgbé? Oyún oṣù mẹ́ta ni, ó bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

"Mo pè yín lórí fóònù. Ẹ bi mí bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ bi mí pé páàdì mélòó ni mo ti pààrọ̀. Kí n tó dé ọsibítù, ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló tọ́, Mọ́mì. Ẹ tiẹ̀ mú ìwé tí mo máa kà wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò sunkún. Mò ń wojú yín ṣáá lọ́jọ́ yẹn, mò ń sọ nínú ara mi pé, àbí èmi nìkan ni mo lọ́mọ tó lọ yìí ni?" Ó mú ìbọ̀sẹ̀ mìíràn. "Mi ò fẹ́ máa wojú yín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ mi."

Mo sunkún lọ́jọ́ tó ń wí yìí. Inú mọ́tò mi nínú ọgbà ọsibítù ni mo ti sun ún, odidi wákàtí kan, mo wá bọ́jú kí n tó wọlé tọ̀ ọ́. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà nìyẹn, pé ẹkún tiwọn, ìta ni kí wọ́n ti sun ún. Ó yẹ kí n sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́. Mo ní, "Ó dáa," mo sì lọ sílé mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọkọ rẹ̀ pè mí pé ó ti ń rọbí. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, níwájú yàrá tí wọ́n wà. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ mí ń kọjá.

"Ìyá Ilẹ̀kùn! Kí lẹ wá ń ṣe níta?"

"Ilẹ̀kùn náà ni mò ń ṣọ́."

Ó rẹ́rìn-ín kọjá lọ.

Wàhálà iṣẹ́ wa ni pé etí wa ti gbọ́ jù. Títí di ọ̀sán, ọmọ mi ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí fáànù. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, inú ikùn ló ti wá ń jáde. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù ni mo gbọ́ tó ké pé, "Mi ò lè ṣe é mọ́!" Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tó bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni, inú mi á dùn. Mo dìde, mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Wọn ò tì í. Kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró níbẹ̀. Gbogbo ìyá tí mo ti dá padà láti ọjọ́ yìí, tí mo rò pé àṣejù ló ń ṣe wọ́n, ojú wọn wá sí mi lọ́kàn, ojú sì tì mí. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọmọ ké. Mi ò kúrò lójú kan. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Jẹ́jẹ́ tó yọjú.

"Ọ̀gá mi, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni. Ó ní kí ẹ wọlé."

Mo wọlé. Ojú mi tí iṣẹ́ ti bà jẹ́, ẹnu ọmọ ló kọ́kọ́ lọ. Kò gba ọmú dáadáa, orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu. Mo lanu kí n sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fa ọmọ náà mọ́ra díẹ̀ sí i. Ìgbà náà ni mo wo ojú ọmọ tèmi. Ètè rẹ̀ ti bó, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó sì ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí ní kékeré tó bá ṣubú, tí kò tíì mọ̀ bóyá kóun ké tàbí kóun má ké.

Ọ̀rọ̀ ọmú ò jáde mọ́. Ẹkún ló jáde. Kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà tí wọ́n ń fi etí áńkáṣífù nù o. Ikun ń dà nímú mi, irin bẹ́ẹ̀dì ni mo dì mú.

"Mo sunkún ọmọ yẹn," mo ní. "Inú mọ́tò ni mo ti sun ún. Mi ò jẹ́ kí o rí i. Dákun, má bínú."

Jẹ́jẹ́ tí kì í kánjú sáré gbé àga wá, ó ń fọwọ́ ra mí lẹ́yìn. "Ó tó, ọ̀gá mi. Ẹ rọra mí. Ó ti tó báyìí."

"Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ọmọ mi ní, omi ń dà lójú òun náà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún tẹ́rùn."