Ògiri Ilé Ìgbẹ̀bí

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí àwọn ẹni rere ṣe ń ba nǹkan jẹ́, kó lọ wọ ẹgbẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ìyá Agbẹ̀bí fi wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n má wó ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́, ohun tójú rẹ̀ sì rí níbẹ̀, kò rí i ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Aláboyún tó ń rọbí a máa pariwo, a máa bú ọkọ rẹ̀, a sì máa bú agbẹ̀bí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó bá yá, ọmọ á jáde. Ìpàdé ẹgbẹ́ yìí kì í bí nǹkan kan àfi ìpàdé mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò sì le. Ìjọba ìlú fẹ́ wó ilé náà, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé ọ̀hún ti gbó, òrùlé rẹ̀ ń jò, ó sì ti tó ọdún méjìlá tí wọ́n ti tì í pa. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá ìbímọ, tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nígbà kan tí ìwé àkọsílẹ̀ tán, tí ọ́fíìsì kò fi òmíràn ránṣẹ́, mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ mú pẹ́ńsù aláró, irú èyí tí omi kì í lè pa rẹ́. Ó ní, "Ìwé lè tán, ògiri ò lè tán," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí sára ògiri: ọjọ́, aago, ìwọ̀n, ọkùnrin tàbí obìnrin, orúkọ ìyá. Nígbà tí ìwé tuntun fi máa dé, kíkọ ọ́ sára ògiri ti mọ́ àwọn agbẹ̀bí lára. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri àdúgbò náà lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ wọ́n sílẹ̀.

Ìlà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kẹta, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni ó bí àkọ́bí rẹ̀ níbẹ̀, obìnrin, ọmọ náà sì lo ọjọ́ márùn-ún péré. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mátírọ́ọ̀nù kò kọ orúkọ ìyá sí i, torí ta ni kò mọ̀ nínú ilé? Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé ìbí, ọkọ tí wọ́n jọ sunkún sì ti kú. Ìlà yẹn nìkan ló kù láyé tó sọ pé ọmọ náà wá. Àwọn ọmọ tó bí lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Àbúrò Ìyá Agbẹ̀bí ọkùnrin, tó jẹ́ akunlé, nìkan ló kù tó mọ̀, torí òun ló wá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú, wọn ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Nípàdé, ohun tí Ìyá Agbẹ̀bí ń sọ ni ìtàn àdúgbò àti ogún àwọn ọmọ wa. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ wá kọ̀wé pé olùyẹ̀wò àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Bí ó bá rí ohun àtijọ́ tó ṣì wà bó ṣe wà látilẹ̀, á lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó máa lè wó ilé náà. Bí kò bá rí i, katapílà ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n fàlà sí gbólóhùn kan nídìí: ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìyá Agbẹ̀bí ka lẹ́tà yìí sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?" ló bi wọ́n.

"A gbọ́, Ìyá," ni Alága dáhùn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni Alága, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. "A gbọ́ dáadáa. A tiẹ̀ máa kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kankan ò kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ fọ́tò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ pé kí wọ́n ya àwòrán ògiri náà pamọ́. Alága ní kí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Fọ́tò sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Fọ́tò ṣèpàdé nígbà mẹ́rin, wọ́n ya fọ́tò mọ́kànlá, ó sì jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yà, gbogbo wọn tò síwájú ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi orí bo gbogbo ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá.

Ní Ọjọ́rú, Ìyá Agbẹ̀bí kó ìwé ìfọwọ́sí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò lọ sí olú ọ́fíìsì. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé e padà bà jẹ́ sọ́nà, ló bá sùn sílé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Nígbà tó máa padà dé ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò tíì dé ẹnu géètì tí òórùn ọ̀dà fi gbá a nímú.

Ó dúró. Ó tún fa imú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹsẹ̀ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà funfun báláú láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti to àga, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Alága dúró láàárín ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́wàá, ó wọ kóòtù. Akunlé, àbúrò rẹ̀, wà ní ìkángun, ó ń nu búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá!" ni Alága ké. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa! Àná la fi gbogbo ọjọ́ ṣe é."

"Ògiri dà?"

"Òun nìyí."

"Alága, ìwé ara ògiri dà?"

"Háà, Ìyá, àlejò ń bọ̀! Ẹni tó ti ìlú ńlá wá, ṣé inú ìdọ̀tí ni ká ti gbà á? Gbogbo ògiri kún fún ìkọkúkọ, jágbajàgba..."

Ó wá rí ojú Ìyá Agbẹ̀bí.

"Ìkọkúkọ yẹn," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, "òun ni àlejò ń bọ̀ wá wò. Òun la kọ sínú lẹ́tà. Òun la fi jà fún oṣù mẹ́jọ. Ìwé ìfọwọ́sí ẹgbẹ̀rún méjì ni mo kó lọ lánàá. Ta ni ẹ rò pé a ń bẹ̀, Alága? Ta ni ẹ rò pé ó fẹ́ wá wo ìkòkò òdòdó?"

Ẹnì kan ní kí wọ́n wo fọ́tò. Wọ́n wo fọ́tò. Eyín Alága hàn níbẹ̀ kedere.

Ìyá Agbẹ̀bí yí sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n kà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Alága ní ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i," ni Akunlé wí, kò sì gbójú sókè. "Mo rò pé ẹ mọ̀ sí i."

Ìyá Agbẹ̀bí fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò fún ẹkún láyè. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ì bá bú u, ì bá fi í sùn. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún àwọn tó jí ní kùtùkùtù láti wá bá ọ ba tìẹ jẹ́, tí wọ́n tún ń retí kí o kí wọn kú iṣẹ́?

Olùyẹ̀wò dé ní aago mẹ́wàá géérégé. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Olùyẹ̀wò gbọ́ ọ dé ìwọ̀n ibi tí sùúrù rẹ̀ mọ, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ògiri tí ẹ kọ̀wé nípa ẹ̀ dà?"

Alága nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun náà. Olùyẹ̀wò wò ó, ó fi ìka kan kan ọ̀dà, ó wo ìka rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kùn ún?"

"Àná," ni Alága wí. "Ojúlówó ọ̀dà ni o, kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ike mẹ́ta la gbé fún akunlé. Yóò lo ogún ọdún."

Olùyẹ̀wò mí kanlẹ̀. Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

"Ọmọ mi, ó wà níbẹ̀," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Mo fi orí mi búra. Èmi fúnra mi kọ nínú ẹ̀."

"Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ohun tí mo bá fojú rí ni mo lè kọ. Ojúlówó ọ̀dà, ẹ ò lè bó o láì bó ògiri mọ́ ọn. Ẹ má bínú." Ó ti ń de báàgì rẹ̀.

Akunlé wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

"Kì í ṣe ojúlówó," ló wí.

"Kí lo wí?" ni Alága bi í.

"Ọ̀dà ọ̀hún. Mo bu omi lú u. Omi ẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà lọ." Ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ike kan ni mo lò. Ike méjì yòókù wà ní pálọ̀ mi. Mo ti fi kun pálọ̀. Aṣọ tútù lásán ló máa nù ún kúrò."

Ariwo sọ. Olè! Alága ní ó ti dójú ti ẹgbẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà á dé ìpàdé. Àmọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì ti sáré lọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, Ìyá Agbẹ̀bí sì ti ya ìborùn rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí ẹnìkan bá ń bú olè, ẹlòmíràn a máa ṣiṣẹ́.

Ìyá Agbẹ̀bí ki aṣọ bọ omi, ó fún un, ó fi pa ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí a ṣe ń nu orí ọmọ tuntun. Ọ̀dà ṣàn bí omi ọṣẹ. Lábẹ́ rẹ̀, àmì aró kan yọ, òmíràn yọ, omi sì mú kí aró náà dú sí i. Ọjọ́. Aago. Kílò mẹ́ta. Ọkùnrin.

"Ẹ gbà mí!" ni obìnrin oníbúrẹ́dì ké. "Orúkọ ìyá mi nìyẹn!"

Gbogbo wọn dà bo ògiri, àwọn tó ń bú olè pẹ̀lú. Olùyẹ̀wò bọ́ báàgì kúrò léjìká, ó tẹ̀ lé wọn láti ìlà dé ìlà, ó ń dà á kọ. Nígbà tó dé fèrèsé kejì, ó ní ó ti tó, ó ju bí òun ṣe rò lọ. Ó lọ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá òun ṣe iṣẹ́ takuntakun yìí.

Ìyá Agbẹ̀bí kò pàtẹ́wọ́. Ó ti dé fèrèsé kẹta, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. Ọ̀dà kò ṣàn. Ó pààrọ̀ omi. Ṣe ni ọ̀dà ibẹ̀ ń dán, ó funfun, ó le.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀." Akunlé ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ibẹ̀ ò ní jáde."

"Kí ló dé?"

"Mi ò bu omi lu tibẹ̀." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ibẹ̀ nìkan. Mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n bomi lú ni mo máa fi kun tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún, kó lè dára."

Ìyá Agbẹ̀bí wò ó. Ó ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá àbúrò rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, létí. Ilé ayé wo ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Ó fi gbogbo ara jí ọ̀dà gbé, ibi kan ṣoṣo tó yẹ kó ti jalè, ibẹ̀ ló ti ṣòótọ́.

Olùyẹ̀wò ti padà dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ìyá, ibí ńkọ́? Ṣé nǹkan wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó wà," ni Akunlé wí. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Kílò méjì ààbọ̀. Obìnrin."

"Bàbá, mo ti sọ fún yín, ohun tí mo bá fojú rí..."

"Èmi fojú rí i. Èmi ni mo rí i kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó kùn ún. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ olè síwájú orúkọ mi tó bá wù yín."

Olùyẹ̀wò wo Akunlé, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó wo aṣọ tútù tó ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí fọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí àwọn tó bá fojú rí nǹkan, ó sì kọ ọ́: ọjọ́, aago, ìwọ̀n, obìnrin. Akunlé fọwọ́ sí i. Ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ yí ìwé náà.

"Ó ku ibì kan," ni olùyẹ̀wò wí. "Ta ni ìyá ọmọ náà?"

Ọdún mọ́kànlélógójì, ẹnì kankan kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

"Èmi ni," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. Ó dìde nílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu aṣọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún un, díẹ̀díẹ̀, kó lè kọ ọ́ dáadáa.