Àmì Orí Ọkọ̀

Tí ẹ bá dé àdúgbò Ìfẹ́lódùn ní Ayọ̀bọ̀, tí ẹ ní ẹ ń wá Ìyáàfin Àtọ́kẹ́, wọ́n á máa wò yín ni. Màmá Àmì ni kí ẹ béèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì yìí fi kọ́ èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí kò jìyà àmì ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. O lè kọ àròkọ tó dùn bí oyin, tí o bá ti gbàgbé àmì, òdo lo gbà. Á ní, "Kí lo kọ síbí? Ṣé igbá ni àbí ìgbà? Ṣé kí n máa méfò fún ọ ni?" Nígbà tó fẹ̀yìntì, tó kó wá sínú ilé tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Ayọ̀bọ̀, orúkọ náà tẹ̀lé e wá.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn. Kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ká ní aláìmọ̀kan ni, ọ̀rọ̀ náà kò ní dùn wá tó báyìí.

Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìlera sí Ayọ̀bọ̀, èyí tí gbogbo nǹkan máa wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo: ibi ìgbẹ̀bí, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibi oògùn, títí kan ibi tí àwọn àgbàlagbà á ti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ilẹ̀ méjì ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí Ìfẹ́lódùn, èkejì jìnnà, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà. Kí ilé náà tó parí, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kan tó ń gbé aláìsàn fún àwọn àdúgbò tí kò bá ní ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa nígbà òjò á mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn nìkan tó ijó jó.

Gbóyèga ló ń ṣe ètò náà, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan báyìí. Ó wá bá Màmá Àmì, torí pé òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, ó ní kó bá òun kọ ìbéèrè mẹ́wàá ní Yorùbá fún àwọn obìnrin inú ilé kọ̀ọ̀kan. Orí fóònù ni màmá ti tẹ̀ ẹ́. Fóònù ọ̀hún, tí ẹ bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́, bíi ẹ àti ọ, ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó tẹ ìbéèrè mẹ́rin, ó sú u. Ó ní àwọn ará ilé á ṣáà mọ̀ ọ́n kà. Ó fi ìyókù sílẹ̀ láìní àmì. Ìbéèrè karùn-ún wá jáde báyìí: "Ṣe ẹ ni ọkọ nile?"

Ẹni tó kọ́kọ́ dá fọ́ọ̀mù tirẹ̀ padà ni Fàdìlàt, aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ìyàwó Ṣàfíù tó ń lẹ táìlì. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ló máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Màmá Àmì, tí màmá á sì máa bá a jà lórí orúkọ ọmọ, nítorí ó ń kọ orúkọ oríṣiríṣi sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ láìfi àmì sí i. Lọ́jọ́ náà ó ká fọ́ọ̀mù sí mẹ́rin, ó jù ú sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Màmá kò kà á. Iye fọ́ọ̀mù tó ti padà ló ń kà, ó fẹ́ tètè kó wọn fún Gbóyèga.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbóyèga dìde, ó ní, "Nínú ọgọ́rùn-ún ilé ní Ìfẹ́lódùn, ọgọ́rin ló ní ọkọ̀."

Ọkọ̀ mẹ́fà péré ló wà ní gbogbo Ìfẹ́lódùn, tí a bá ka ti Alájì tó ti ń sùn lórí búlọ́ọ̀kù láti ayé àtijọ́ mọ́ ọn. Lójú ẹsẹ̀ ló ti yé Màmá Àmì. Àwọn obìnrin rí "ọkọ" nínú ìwé, wọ́n rẹ́rìn-ín pé ìjọba tún ń bi àwọn bóyá àwọn lọ́kọ, wọ́n sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sókè láti sọ̀rọ̀.

Gbóyèga rí ọwọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún màmá wa. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tó dé ọwọ́ wa, tiwọn ló mọ́ jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ màmá sì rọra wálẹ̀.

Ìtìjú ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́. Kí wọ́n gbọ́ pé Màmá Àmì, òun gan-an, ló gbàgbé àmì? Ó ní òun á pe Gbóyèga lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, ó ní kí òun kúkú kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á ya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gorí ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ aláìsàn fún àdúgbò mìíràn, wọ́n sì ti ń fi ojú sí ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ọlọ́dà, torí wọ́n gbà pé a ní ọkọ̀ tí á gbé wa débẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ìrọbí mú Fàdìlàt. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Ṣàfíù wà níbi iṣẹ́, ó jìnnà sílé. Màmá Àmì sáré wọlé tọ̀ ọ́, ó bá a lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń wá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pe nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn. Ohùn obìnrin kan dáhùn, ó fara balẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún un dáadáa.

"Ẹ má bínú, mà. Ìfẹ́lódùn kò sí lára ibi tí a ń lọ. Ohun tó wà lọ́dọ̀ wa ni pé ẹ ní ọkọ̀ níbẹ̀."

Màmá di fóònù náà mú títí obìnrin yẹn fi gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kẹ̀kẹ́ náà rì sínú ẹrẹ̀ ní kọ́nà tó ṣáájú afárá, àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí sáré wá, wọ́n ń tì í. Inú kẹ̀kẹ́ náà ni ọmọ ti wálẹ̀, obìnrin ni, ó sì ké. Fàdìlàt gbọ́ igbe rẹ̀. Ó fi orí ti èjìká màmá, ó ní, "Ó ti ń rẹ̀ mí, Màmá." Màmá ń pe orúkọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì sọ fún un pé kó má pè é mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sọ ọmọ náà ní Hamdalah, ọjọ́ kẹjọ náà ni wọ́n ṣe àdúrà fún ìyá rẹ̀. Àwọn èèyàn ò mọ èyí tí àwọn ì bá fi kí Ṣàfíù, bóyá ẹ kú ọwọ́ lómi ni àbí ẹ kú àràfẹ́rakù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Àmì pe Gbóyèga, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pamọ́. Gbóyèga ní, "Ẹ tún un kọ, mà. Wọn ò tíì fọwọ́ sí ilẹ̀ yẹn. Mo máa dá wọn dúró." Màmá mú báírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ nígbà kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sórí ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀mù tuntun. Ilé Ṣàfíù ló kọ́kọ́ lọ.

Ṣàfíù jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé itan. Màmá kò tíì mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ti àtijọ́ ló tẹ́ síwájú rẹ̀, èyí tí Fàdìlàt ká sí mẹ́rin, tí màmá gbà padà lọ́wọ́ Gbóyèga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè karùn-ún, Fàdìlàt ti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: "Bẹẹ ni. Mo ni ẹyọ kan. O to mi."

Ṣàfíù kà á. Ó tún un kà. Màmá sì sọ fún un ohun tí ìbéèrè náà fẹ́ bi wọ́n, àti ìdí tí ọkọ̀ aláìsàn kò fi wá.

Ó ní, "Ṣé Fàdìlàt ṣì í kà ni, Màmá?"

"Rárá. Kò ṣì í kà." Màmá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. "Tí kò bá ti sí àmì lórí rẹ̀, ọkọ ni. Bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á ló ṣe kà á. Èmi ni mo ṣì í kọ. Mo sì mọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mọ̀, tí mo dákẹ́."

Ṣàfíù kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn fún un. Ó ká ìwé náà padà sí mẹ́rin bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ká a, ó fi sínú àpò, ó wá gbé Hamdalah sí èjìká.

Ó ní, "Ẹ bi mí ní èyí tí ẹ tún kọ."

Màmá mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ó rọra kà á sókè bí ẹni wà ní kíláàsì, ó fa ohùn ìsàlẹ̀ yẹn dé ìsàlẹ̀. "Ṣé ẹ ní ọkọ̀ nílé?"

"Rárá, Màmá. A ò ní."

Ó kọ "Rárá" síbẹ̀. Ó fi àmì sórí a méjèèjì.