Àárẹ̀ Yín Tó Ń Bọ̀

Àmì ohùn ló kó bá wa. Ọkọ mi, òǹtẹ̀wé, gbà pé kò sẹ́ni tó mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀ tó òun láyé yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onífóòmù nítorí fóòmù ibùsùn tó ń ṣe, ń díje fún ipò Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ìlérí kan ṣoṣo ló ní: bóun bá wọlé, oorun ọ̀sán á di òfin. Ohun tó sì yẹ kó wà lára pósítà rẹ̀ ni “Ààrẹ yín tó ń bọ̀ rèé.” Ọkọ mi tẹ “Àárẹ̀ yín tó ń bọ̀ rèé.”

A ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán ká tó rí i. Mo ti gé e, mo ti dì í, ẹ̀yìn sì ń ro mí bíi pé wọ́n gún un nínú odó.

“Àfi ká tún un tẹ̀,” ni olówó orí mi wí.

Àwa wo? Òun á jókòó ti kọ̀ǹpútà, èmi á dúró ti ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà.

Ṣúmékà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwa wọlé wá rẹ́rìn-ín. “Ẹ má tún nǹkan kan tẹ̀ o jàre. Ẹni tó ń ta fóòmù ló ní ká máa sùn! Ká ní pósí ló ń kàn, kí ni ì bá ṣèlérí? Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ lèṣù ń yá lò.”

“Ara kì í ṣe igi,” ni mo fèsì. “Gbogbo àwọn yòókù ló ń pariwo pé àwọn á fún wa níṣẹ́. Tèmi ti pọ̀ jù. Kí wọ́n wá gbà nínú ẹ̀.”

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Bàbá Onífóòmù fi wọlé, tòun ti ìrọ̀rí lábíyá. Ó ka pósítà, ojú rẹ̀ yí padà. Mo tètè kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ààrẹ làwọn yòókù fẹ́ jẹ lé wa lórí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó ń ṣe wá.”

Ó fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí títí. “Ìyàwó mi, o sọ̀rọ̀.” Ó kó pósítà lọ. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti bọ́.

Àṣé mo fọwọ́ ara mi ṣera mi ni. Awakọ̀ lẹ tiẹ̀ mọ́ ọkọ̀, nọ́ọ̀sì lẹ tiẹ̀ mọ́ àyà. Obìnrin kan já ọ̀kan lára ògiri wa, ó ní òun fẹ́ fi han ọkọ òun, torí kò gbà pé àárẹ̀ mú òun.

Kò pẹ́ tí Bàbá Onífóòmù fi padà dé. “Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ rẹ ti ta! Ẹ tẹ ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ.” Ló bá yán, ó ní oorun ọ̀sán òun ti tó, ó gba ilé lọ.

Ọkọ mi tan ẹ̀rọ. Inú bí mi. Mo tẹ́ bébà tí a ò tíì tẹ nǹkan sí sílẹ̀, mo nà gbalaja lé e.

Ọkọ mi figbe ta. Ṣúmékà sáré wọlé: “Ìyàwó wa, kí ló dé? Ṣé kò sí o?”

“Kò sí,” ni mo dá a lóhùn, mo ti dijú. “Ẹ má dí mi lọ́wọ́. Ẹnu iṣẹ́ ìpolongo ni mo wà.”