Wọ́n Ní Màmá Ti Délé

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, gbogbo èèyàn ló sọ fún mi, mi ò sì gbọ́. Kì í ṣe pé etí mi di. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni kò jọ ikú. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Àbọ̀ tí wọ́n sọ fún mi di odidi nínú mi lóòótọ́, àmọ́ odidi ọ̀tọ̀ ni.

Péńtà ni mí. Ní àdúgbò wa, téèyàn bá ju òkò lójú pópó, bí kò bá ba ọgbà ẹnì kan, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò bà. Kò sí èyí tí mi ò tíì gun àkàbà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ní agogo kò fẹ́ àwọ̀ mìíràn lára ògiri ju àwọ̀ wàrà lọ. Téèyàn bá dárúkọ òmíràn fún wọn, wọn yóò ṣe ìpàdé lé e lórí títí ọ̀dà yóò fi gbẹ nínú garawa. Ìjọ àwọn aláṣọ funfun, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ búrẹ́dì, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọlé, péńtà pàápàá. Nígbà tí mo ti ibẹ̀ délé, ìyàwó mi ní mo ti di ẹni mímọ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìjọ ọjọ́ Sátidé, níbi tí òun ń lọ, dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì mi. Ìkẹyìn ni ìjọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà nínú yàrá òkè, lórí ṣọ́ọ̀bù onítáyà; ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ló ń gbé. Pásítọ̀ Orí-Àjà ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí a ṣe pín ara wa nìyẹn. Ìyá wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì alágogo láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ wúndíá. Àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ àwọn tí kì í wọ bàtà. Ìyàwó mi ń sinmi ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi ń lọ síbi tí wọ́n bá ti ní kí n wá kùn.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò ti sọ̀rọ̀. Nígbà tó gba yàrá òkè yẹn, èmi ni mo kùn ún fún un, láti àjà dé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ó di makirofóònù mú, ó ní, “Ẹ wo ògiri yìí! Ọwọ́ èèyàn kọ́ ló kùn ún. Áńgẹ́lì ló kùn ún!” Gbogbo ìjọ kígbe halelúyà. Mo dìde lẹ́yìn. Mo ní, “Ṣé áńgẹ́lì yẹn náà ni ẹ̀yìn ń dùn láti ìjẹta tó ti já bọ́ lórí àkàbà?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ẹ̀mí àìgbọràn yẹn jáde. Onítáyà ìsàlẹ̀, tó jẹ́ aṣọ́nà ìjọ, di apá mi mú, ó sì mú mi sọ̀ kalẹ̀ títí dé àárín táyà. Mo búra níbẹ̀ pé mi ò ní gun àtẹ̀gùn wọn mọ́ láyé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìyá mi gbìyànjú títí. “Ọmọ ìyá kan náà,” wọ́n á ní, “ẹ ń jà nítorí ọ̀dà.” Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kì í ṣe nítorí ọ̀dà. Nígbà tí àìsàn dé, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí wọ́n wọ ọsibítù, ìjà tuntun tún bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa lọ tí dókítà bá ní kí wọ́n máa lọ sílé? Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dọ̀ òun ni, òun ni àkọ́bí. Èmi ò bá a jiyàn, nítorí a ò sọ̀rọ̀. Mo kàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo béèrè. Wọ́n ní, “Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀. Ilé rẹ kò ní ariwo.” Láti kékeré, ohun kan ṣoṣo tí mo fi borí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Nítorí náà, mo tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Mo kùn ún ní àwọ̀ ewéko fífẹ́lẹ́, mo to bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé àga kan sẹ́bàá fèrèsé. Lọ́sẹ̀ yẹn ni dókítà ní wọ́n lè jáde. Mo ń kun igi fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn yàrá náà lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí onítáyà kanlẹ̀kùn. Ó ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó wọ tàì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá yá nǹkan.

“Ẹ̀gbọ́n péńtà, Pásítọ̀ ní kí n wá sọ fún yín. Màmá ti délé.”

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ mi. “Ilé wo?”

“Ilé náà gan-an, sà.”

“Ta ló mú wọn lọ?”

“Áńgẹ́lì, sà.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó hàn sí mi kedere: ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí ọsibítù láàárọ̀ kùtù, ó ti gbé ìyá mi lọ sí ilé tirẹ̀, ó sì rán ẹni tó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́sí kó wá fi ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì gún mi lójú. 

“Àwọn áńgẹ́lì yín yìí mà níṣẹ́ lọ́wọ́ o,” mo ní. “Wọ́n ń kun ilé, wọ́n tún ń gbé èrò.”

“Ẹ má bínú sà. Bó ṣe yẹ kó rí ló rí. Kò sí ìrora fún wọn mọ́.”

“Kò burú. Tí wọ́n bá ti délé, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀!”

Onítáyà dijú. “Àmín, sà,” ló wí. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ. 

Mi ò tíì fọ búrọ́ọ̀ṣì tán tí Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì alágogo, fi dé pẹ̀lú fìlà dúdú lórí. Wọ́n kọ́kọ́ wo ògiri yàrá, wọ́n mi orí.

“Ọmọ mi, a gbọ́ pé Màmá ti wọ ibi ìsinmi.”

“Ibi ìsinmi? Lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Orí-Àjà? Ìlù ibẹ̀ ń gbọn fèrèsé ilé kẹta, mà.”

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. “Olúwa yóò tù ọ́ nínú.”

“Kò sóhun tó ń ṣe mí tó fẹ́ títù.”

“Bó ṣe máa ń kọ́kọ́ ṣe èèyàn nìyẹn,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé búrẹ́dì kan sórí àga tí mo ṣètò fún ìyá mi, wọ́n sì rọra bá tiwọn lọ. Mo rò pé wọ́n wá bá mi kẹ́dùn pé mo pàdánù ìjà náà. Ó bí mi nínú pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà, fóònù dún. Àbúrò mi ni. Òun ló ń sùn ti ìyá wa ní ọsibítù. Ó ń sunkún, ohùn rẹ̀ ń já.

“Bọ̀ọ̀dá mi, Màmá ti gòkè. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gòkè.”

“Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?” mo ní. “Ta ló gbé wọn gun àtẹ̀gùn? Kí ló dé tí ẹ ò lè jẹ́ kí wọ́n sinmi nísàlẹ̀ ná?”

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń sọ?”

“Má sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Òkè ni ẹ ti fẹ́ gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀.” Mo pa fóònù.

Mo mú sípánà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́ẹ̀dì. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ẹni tó máa sùn lórí rẹ̀ nínú ilé mi. Mo ti tú ẹsẹ̀ kan nígbà tí ìyàwó mi wọlé. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í dé lọ́sàn-án. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì ń jáde lára rẹ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń tú bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò bọ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Onítáyà ní wọ́n ti délé. Ìyá Ìjọ ní wọ́n ti sinmi. Àbúrò mi ní wọ́n ti gòkè. Ìwọ ńkọ́, kí ni tìrẹ?”

Ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, lórí ọ̀dà tútù. “Ní tiwa, a máa ń sọ pé wọ́n ti sùn,” ló wí. Ó rí i pé mo fẹ́ la ẹnu. “Rárá. Ẹ gbọ́. Wọ́n kú. Ìyá yín kú láàárọ̀ yìí.”

Mo wo bọ́ltì tó wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo ní búrẹ́dì wà lórí àga. Lẹ́yìn náà mo dá bọ́ltì padà sí ihò rẹ̀, mo sì fún un le, torí bẹ́ẹ̀dì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo fọ ọ̀dà kúrò ní ìka ìyàwó mi. Mo tún ibi tó dì mú kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi pín ìyá wa bí ẹni ń pín àkàrà òyìnbó. Ó ní yàrá òkè ni ìsìn máa ti wáyé, torí òun ni àkọ́bí. Àwọn alágogo máa kọrin, àwọn aláṣọ funfun máa gbàdúrà, ìjọ Sátidé máa kó àga wá, torí Sátidé kọ́ ni. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ní gun òkè.

“Ẹ dúró sáàárín táyà nígbà náà,” ló wí. “Wọ́n á mọ̀ pé ẹ wá sìnkú ìyá yín, torí ẹ ó máa rùn bíi rọ́bà.”

Mo dúró sáàárín táyà. Gbogbo wọn gba iwájú mi gòkè. Àwọn alágogo to ara wọn bí ọmọ iléèwé, pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá. Àwọn aláṣọ funfun bọ́ bàtà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn bá ń kọsẹ̀ lára bàtà. Àbúrò mi dì mọ́ mi, omijé rẹ̀ rin ọrùn mi. Mi ò sunkún. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri ilé onílé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pósí dé. Àtẹ̀gùn yẹn há, èèyàn mẹ́rin kò lè gbé e gba ibẹ̀, ni àwọn tó gbé e dé bá gbé e sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di orí pósí mú, ó ń fi ẹ̀yìn gòkè. Onítáyà di ìdí rẹ̀ mú. Wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, wọ́n há. Mo gbọ́ tí onítáyà ń mí bí ẹ̀rọ tó ń fún táyà.

“Ẹ̀gbọ́n péńtà! Orúnkún mi! Ẹ bá mi gbà á o, kí Màmá má já lù mí!”

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ọkùnrin kankan nísàlẹ̀ mọ́, àfi èmi àti àwọn bàtà. Mo gòkè, mo fi èjìká sí abẹ́ rẹ̀. Onítáyà rákòrò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ìwúwo náà bọ́ sọ́rùn mi.

“Ta ló wà nísàlẹ̀?” ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Pósí dí ojú àwa méjèèjì.

“Èmi ni.”

Lókè, orin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn alágogo ń fà á, àwọn èèyàn ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́ sáré síwájú wọn.

“Gbà á sápá òsì,” ló wí.

“Òsì yín àbí òsì mi?”

“Òsì... dúró. Jẹ́ ká sinmi ná.”

A gbé e lé ìtẹ̀sẹ̀ kan, a dì í mú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ní o sọ pé tí wọ́n bá ti délé, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀.”

“Ilé yín ni mo rò pé ẹ ń sọ.”

“Ilé mi kẹ̀?” Ó mí kanlẹ̀. “Wọ́n ti wọṣọ nígbà tí mo dé ọsibítù láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n pè ọ́, kí o wá mú àwọn lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní tó bá di ọ̀sán, màá pè ọ́.”

Igi pósí wà lójú mi gan-an. Ẹni tó fi fáníìṣì pa á kò fi yanrìn ha á dáadáa kó tó pa á. Mo rí ilà níbẹ̀. Mo dúró kí nǹkan kan sọ nínú mi, yálà ìbínú tàbí ẹkún. Kò sọ.

“Ṣé o gbọ́ mi?” ló béèrè.

“Mo gbọ́. Òsì yín ni. Ẹ gbé e.”

Ó gbé e. Èmi náà gbé e. A yà níbẹ̀, a sì ń gòkè lọ.